Ọjọ́ 10 ò lè tó fún bíà alágbára

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, kí n rà á, kí n kà á tán, kí n gbé e fún ẹlòmíì ló mọ́ mi lára, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ gbé jáde ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá lójú ewé tẹ́ ẹ ti máa ń kọ́ èèyàn ní nǹkan tí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn ṣe nílé, ìyẹn ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń pọn bíà alágbára kan nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní ale, ọkàn mi ò balẹ̀ látìgbà tí mo ti kà á. Ẹ ṣe dáadáa o. Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ká fọ gbogbo irinṣẹ́ kó mọ́ tónítóní yẹn, ọ̀rọ̀ gidi ni, bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà tí wọ́n mú kó hù kí wọ́n tó mú un gbẹ, àti hops, òdòdó tó ń mú bíà korò. Àfi ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ ní lẹ́yìn ọjọ́ 10, tí airlock, ìyẹn ike kékeré orí ìdérí tó ń jẹ́ kí gáàsì jáde láìjẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, ò bá ti pariwo mọ́, kéèyàn rọ ọ́ sínú ìgò kó dé e pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Bíà kékeré tí ọtí inú ẹ̀ ò ju pásẹ́ńtì 4 lọ, ọjọ́ 10 lè tó o. Èyí tó máa tó pásẹ́ńtì 9 sí 10, rárá o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń pọn bíà nílé. Ale alágbára àkọ́kọ́ tí mo pọn, bíi lítà 20 ni, haidirómítà, ohun èlò tó ń léfòó tí wọ́n fi ń wọ̀n bí ọtí ṣe ki tó (omi lásán ń ka 1.000, bí ṣúgà ṣe ń tán ni nọ́ńbà ń wálẹ̀), ka 1.092 lọ́jọ́ tí mo da ìwúkàrà sí i. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti ń hó gùdùgùdù, fóòmù ń gba ojú ihò airlock jáde, inú mi dùn bí ẹni pé mo bímọ. Ọjọ́ kẹsàn-án ló dákẹ́ wẹ́lo. Mo ní ó ti parí nìyẹn. Mi ò wọ̀n ọ́n, torí ara ń yá mi láti tọ́ ọ wò, mo kàn po ṣúgà mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ní ká pò ó, mo rọ ọ́ sínú ìgò 38, mo dé gbogbo ẹ̀ pa, mo tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ku díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ gbòlà! Mo rò pé gíláàsì fèrèsé ló fọ́. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, òmíì ti tún dún. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí mo fìṣọ́ra ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, ọtí ti ṣàn débi gbogbo, ìgò 5 ló ti fọ́ yángá, àfọ́kù kan tó gùn tó ìka ọwọ́ mi gún pátákó ilẹ̀kùn láti inú, ó wọlé ṣinṣin, mo fi ọwọ́ fà á kò já bọ̀rọ̀. Ibi ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni ọmọ mi, tí ò ju ọmọ ọdún 4 lọ nígbà yẹn, máa ń fẹ̀yìn tì lọ́sàn-án tó bá ń ṣeré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ṣòroó yé. Mo wọ̀n èyí tó kù nínú ìgò kan lẹ́yìn tí mo jẹ́ kí gáàsì ẹ̀ jáde tán, ó ṣì ka 1.034, bẹ́ẹ̀ sì rèé ó yẹ kó wálẹ̀ tó bíi 1.022. Ìwúkàrà ò tíì parí oúnjẹ ẹ̀, èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ṣúgà tí ìwúkàrà bá jẹ, bí ìdajì ló ń di ọtí, bí ìdajì ló ń di gáàsì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gérégé, nínú gírámù 180 ṣúgà glucose, 92 á di ọtí, 88 á di gáàsì. Nígbà tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, gáàsì yẹn ń rí ibi gbà jáde, ìgò ló dé tí ò ríbi gbà mọ́. Ìwọ̀n ṣúgà tí à ń fi sí i kó lè hó nínú ìgò kì í ju gírámù 5 sí 7 lọ nínú lítà kan. Ẹ wá wo haidirómítà: tó bá ṣì máa wálẹ̀ ní póìǹtì 4 péré lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dé ìgò pa, ká ní láti 1.026 sí 1.022, gáàsì tó máa tibẹ̀ jáde á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ di ìlọ́po méjì. Póìǹtì 4 ni mo wí o. Èmi ti ku póìǹtì tó ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀ airlock yìí ló ń dùn mí jù, torí òun ló ń tan gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni airlock ń sọ fún wa, pé gáàsì ń gba ibẹ̀ kọjá. Tí ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì yín ò bá dé dáadáa, gáàsì á gba ẹ̀gbẹ́ lọ, airlock á dákẹ́ lọ́jọ́ kẹta nígbà tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Tí ilé bá tutù lóru, á dákẹ́. Tílé bá tún móoru lọ́sàn-án, gáàsì tó ti wà nínú ọtí látọjọ́ yìí á máa jáde, á tún máa dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹ̀yin á rò pé iṣẹ́ ṣì ń lọ nígbà tó ti parí. Haidirómítà kì í purọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fa ọtí díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ rọra ju haidirómítà sí i, ẹ fi ìka yí i díẹ̀ kí ìhó tó lẹ̀ mọ́ ọn lára já kúrò, torí ìhó yẹn máa ń gbé e sókè kó lè pa irọ́ póìǹtì méjì mẹ́ta fún yín, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ojú ọtí náà. Ẹ ò ní ka ibi tí ọtí gùn mọ́ ọn lára, ìsàlẹ̀ ibi tí ojú ọtí ti tẹ̀ wọnú bíi kòtò lẹ máa kà. Ẹ wo ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sára ẹ̀ náà, dígíríì 20 ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí ọtí bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ ó máa ka ohun tó kéré. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fún bíà kékeré, tó bá ka nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti tó. Fún alágbára, èmi máa ń fi ọ̀sẹ̀ kan sí àárín wíwọ̀n kan àti ìkejì, torí ó lè máa wálẹ̀ póìǹtì kan lọ́sẹ̀ kan, ẹ ò sì ní mọ̀ tẹ́ ẹ bá ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ohun tẹ́ ẹ sì fà jáde, ẹ má dà á padà, ẹ tọ́ ọ wò, ẹ kọ bó ṣe rí lẹ́nu sílẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ló dé tó fi ń pẹ́? Ìwúkàrà tó bá bọ́ sínú omi mọ́ọ̀tì tó ki tó 1.090, bí ẹni tí wọ́n jù sínú oyin ni, ṣúgà á máa fa omi ara ẹ̀ jáde. Tó bá tún wá la ìyẹn já, ọtí tóun fúnra ẹ̀ ń ṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á díẹ̀díẹ̀, bí ọtí ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára ẹ̀ ń dínkù, ìgbà tí iṣẹ́ ku tín-ín-rín ló ti rẹ̀ ẹ́ jù. Torí ẹ̀, ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà bẹ̀rẹ̀ ló máa sọ bó ṣe máa parí. Páálí ìwúkàrà gbígbẹ kan tó jẹ́ bíi gírámù 11 ń tó lítà 20 bíà kékeré, alágbára ń fẹ́ méjì. Ó tún ń fẹ́ ọ́síjìn, òun ni ìwúkàrà fi ń kọ́ awọ ara ẹ̀ kó tó máa bí sí i, ẹ fi ìṣẹ́jú mélòó kan gbọn omi mọ́ọ̀tì náà dáadáa lẹ́yìn tó bá ti tutù, ìgbà yẹn nìkan o. Tí iṣẹ́ bá ti wọra, atẹ́gùn ti di ọ̀tá ẹ̀ nìyẹn títí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa mu ún, òun ló ń sọ ọtí di ohun tó ń rùn bíi páálí tó rẹ.

Ọ̀nà tó tún wá dáa jù lójú tèmi rèé, ó sì máa dá àwọn tó ń sọ pé àwọn ò lè dúró bí oṣù mẹ́fà tí bíà alágbára ń gbà kó tó tó mu lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ pọn bíà kékeré, 1.040 báyìí. Òun ló lè tó mu kíákíá. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ sínú ìgò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tó kù nísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìwúkàrà ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ́ ni wọ́n, ara wọn dá ṣáṣá, ọtí ò tíì pa wọ́n lára. Ẹ bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn sínú ale alágbára yín lọ́jọ́ kan náà, tí gbogbo nǹkan bá ti mọ́. Ẹ máa rí i bó ṣe máa gbéra. Ẹ̀yin á sì máa mu kékeré títí àgbà á fi dé.

Ọ̀rọ̀ ooru náà wà níbẹ̀. Ẹ ò mẹ́nu bà á rárá. Iṣẹ́ ìwúkàrà máa ń mú ooru jáde, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì lè fi dígíríì 4 tàbí 5 gbóná ju inú yàrá lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, àgàgà tó bá jẹ́ alágbára. Ẹni tó bá fi tẹmómítà kọ́ ara ògiri, ògiri ló ń wọ̀n, kì í ṣe ọtí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èmi máa ń gbìyànjú kó má kọjá dígíríì 18 sí 19 láwọn ọjọ́ yẹn, mo máa ń gbé e sínú abọ́ omi ńlá kan, màá fi aṣọ tó rẹ bò ó lára, màá máa pààrọ̀ ike omi dídì láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá gbóná jù nígbà yẹn, ìwúkàrà á ṣe irú ọtí kan tó ń jó èèyàn lọ́nà ọ̀fun tó sì ń fọ́ni lórí, ìyẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣeé mú kúrò, kódà tẹ́ ẹ bá gbé e pa mọ́ fún ọdún kan. Tí ìhó bá wá ń rọlẹ̀, ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà, ẹ jẹ́ kó máa móoru díẹ̀díẹ̀ lọ sí 21 tàbí 22, kó lè rí agbára parí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe òdìkejì, wọ́n á jẹ́ kó gbóná níbẹ̀rẹ̀, kó wá tutù lẹ́yìn.

Mo rántí ọdún kan tí tèmi dúró sí 1.040. Ó dúró síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Àbúrò mi ní kí n da ìwúkàrà gbígbẹ míì sí i, pé ó ti kú. Mo ní rárá, ìwúkàrà gbígbẹ tẹ́ ẹ bá kàn wọ́n sójú ọtí tó ti tó pásẹ́ńtì 6 tàbí 7, kì í sábà rí nǹkan ṣe, àfi tẹ́ ẹ bá ti jí i sínú omi mọ́ọ̀tì díẹ̀ tó ti ń hó lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó dà á sí i. Mo kọ́kọ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà síbi tó móoru, mo rọra ń yí i bí ẹni ń mi ìkókó, mi ò ṣí i, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ lè dìde padà sínú ọtí. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, mo ń ṣe é lálẹ́. Ọjọ́ 12 lẹ́yìn ẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, 1.031. Mo fi tọ́ọ̀ṣì tàn án kí n tó gbà gbọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta míì, 1.024. Àwọn àgbà ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko, àbúrò mi ni mo sọ ọ́ fún lọ́jọ́ yẹn, òun náà ló sì bá mi mu ìgò àkọ́kọ́.

Nígbà tí haidirómítà bá wá dúró, iṣẹ́ míì ṣì kù tí kò ní hàn lára haidirómítà. Ìwúkàrà máa ń da àwọn nǹkan kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà tó ń sáré, èyí tó ń ta sánsán bíi bọ́tà, èyí tó dà bí ápù tí ò tíì pọ́n, òun kan náà ló sì máa padà wá kó wọn jẹ tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún un. Tẹ́ ẹ bá yọ ọtí kúrò lórí ìwúkàrà ní ọjọ́ 7, bí àwọn kan ṣe ń kọ́ni, ta ló máa gbá ilẹ̀ yẹn? Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn. Mo máa ń fi sílẹ̀ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kò tíì ba tèmi jẹ́ rí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa ń fi rọ́bà fà á lọ sínú ìgò ńlá kan, tí ọtí á kún dé ọrùn kí atẹ́gùn má ráyè níbẹ̀, mo máa rọra fi ẹnu rọ́bà kan ìsàlẹ̀ kó má ta sókè. Ibẹ̀ ló máa wà fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, nínú òkùnkùn, níbi tó tutù díẹ̀.

Mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ ìtọ́wò sí. Èyí tí mo pọn lọ́dún tó kọjá, mo kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kẹta pé: ó gbóná lọ́fun, ápù tútù, ó korò, ó dàrú. Oṣù kejì: ápù ti lọ, ìkorò hops ṣì le. Oṣù kẹrin: ó ti tòrò, òórùn ṣúgà tó jó díẹ̀. Oṣù kẹfà, mo kọ oyin, mo kọ èso àjàrà gbígbẹ, mo wá fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀méjì. Ọtí kan náà o, mi ò fi nǹkan kan kún un.

Kì í sì í ṣe èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ èyí. Àwọn tó ń pọn ale alágbára láyé àtijọ́ ò mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú àgbá wọn, 1876 ni Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, tẹ ìwé ẹ̀ lórí bíà jáde tó ṣàlàyé pé ohun abẹ̀mí ni, àti pé àwọn kòkòrò àjèjì tó bá wọlé ló ń bà á jẹ́, 1883 ni Emil Christian Hansen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Copenhagen nílẹ̀ Denmark, ya ẹyọ ìwúkàrà kan sọ́tọ̀ tó sì bí i dàgbà. Àmọ́ kí wọ́n tó mọ èyíkéyìí nínú ẹ̀, wọ́n ti mọ̀ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1902, Ọba Edward VII lọ sí ilé iṣẹ́ apọntí Bass ní Burton-on-Trent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun fúnra ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pípọn ọtí kan tí wọ́n sọ ní King's Ale. Ó lé ní 100 ọdún lẹ́yìn náà táwọn èèyàn ṣì ń ṣí ìgò ẹ̀ mu. Ọtí tí wọ́n rọ sínú ìgò lọ́jọ́ kẹwàá kọ́ nìyẹn.

Tó bá wá tó àsìkò ìgò, ẹ rántí pé ó ti rẹ ìwúkàrà inú ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ fi ìwúkàrà tuntun díẹ̀ sí i pẹ̀lú ṣúgà yẹn, ìwọ̀nba tíńtín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó wà níbi tó móoru fún oṣù kan tàbí méjì kó lè hó. Ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣí ọ̀kan lọ́sẹ̀ kẹta tó wà gẹlẹtẹ.

Olóòtú, ìdí tí mo fi yára kọ̀wé nìyí. Ẹni tó bá pọn tiẹ̀ lọ́jọ́ tí ìwé ìròyìn yín jáde, Sátidé ọ̀sẹ̀ yìí ló máa pé ọjọ́ 10. Ẹ bá mi kéde fún wọn pé kí wọ́n má tíì rọ ọ́ sínú ìgò, kí wọ́n wá haidirómítà. Ẹni tó bá ti kánjú dé tiẹ̀ pa, kó lé àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀, kó wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú, kó fi aṣọ tó nípọn bo ìgò náà kó tó fọwọ́ kàn án, kó rọra gbé wọn sínú fíríìjì láìmì wọ́n, kí wọ́n tutù wọnú fún odindi ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà kó mú wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi aṣọ yẹn bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sún ojú sẹ́yìn, kó sì rọra gbé etí ìdérí sókè títí gáàsì á fi yọ jáde, kó dé e padà, kó tún ṣe é lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà lójú ewé àkọ́kọ́, ẹ má tì í sísàlẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín tó ń pọn bíà nílé